Ṣé kí n gbà á, àbí kí n fi í sílẹ̀? Ìdáhùn sí ìbéèrè yín lórí abẹ́rẹ́ fúlù àti àjẹsára àjàkálẹ̀ àrùn

A kó àwọn lẹ́tà tó jọra pọ̀, a sì mú méje nínú wọn. Abẹ́rẹ́ fúlù ọdọọdún ni púpọ̀ nínú wọn ń béèrè. Àwọn kan fẹ́ mọ ohun tí wọn yóò ṣe bí àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn bá dé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbà rí. Ẹni tó bá ń wá ìdáhùn kan ṣoṣo fún tọmọdé tàgbà kò ní rí i níbí, nítorí ohun tó yẹ ẹni ọdún 70 lè má yẹ ọmọ ọdún 20.

Mo gba abẹ́rẹ́ fúlù lọ́dún tó kọjá. Ibà mú mi lọ́jọ́ kejì, ọ̀fìnkìn sì tún bá mi jà kí ọdún tó parí. Ẹni ọdún 68 ni mí. Kí wá ni mo gbà á fún? — Ìyá àgbà, Peckham

Mọ́mì, ẹ kú ìfaradà. Ẹ jẹ́ ká ya ibà ọjọ́ kejì sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀fìnkìn ìparí ọdún, nítorí ibi tí wọ́n ti wá kì í ṣe ọ̀kan náà.

Kòkòrò fúlù tó wà nínú abẹ́rẹ́ yín ti kú, wọ́n sì ti fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Kò lè fi fúlù ṣe ẹnikẹ́ni. Ara yín tó ń kọ́ ìjà ló gbóná. Fún ẹni tó ti pé ọdún 65, ọ̀kan lára àwọn abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lò ní Britain ní èròjà ọlọ́ràá kan nínú, MF59 lorúkọ rẹ̀, tó ń ta ara àgbàlagbà jí, torí ara àgbà kì í tètè dáhùn bíi ti ọ̀dọ́. Òmíràn wà tí wọ́n fi ìlọ́po mẹ́rin èròjà sí: máíkrógíráàmù 60 fún ẹ̀yà fúlù kọ̀ọ̀kan dípò 15. Ohun tó lágbára báyẹn máa ń mú kí apá ro èèyàn, kí ara sì gbóná, àmọ́ kì í ju ọjọ́ kan sí méjì lọ.

Fúlù gidi kì í wá bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jẹ oúnjẹ àárọ̀ tán, nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán, ibà rẹ̀ ti kọjá 38, gbogbo oríkèé ń ro ó, àtidìde lọ sí ilé ìtọ̀ ti di iṣẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ kan ló ń gbà, ikọ́ rẹ̀ sì lè tó ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá jẹ́ imú ló ń ṣomi, tí ọ̀fun ń yún, àmọ́ tí ẹ ṣì lè dúró ti iná ọbẹ̀, ọ̀fìnkìn lásán nìyẹn. Oríṣi kòkòrò tó ń fa ọ̀fìnkìn lé ní 200. Mẹ́ta péré ni abẹ́rẹ́ fúlù ń bá jà, ìyẹn A méjì (H1N1 àti H3N2) àti B kan. Mẹ́rin ni wọ́n tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n B kejì, tí wọ́n ń pè ní Yamagata, ni kò sẹ́ni tó rí i mọ́ láti oṣù Kẹta ọdún 2020, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò. Abẹ́rẹ́ yín kò dá ọ̀fìnkìn dúró torí kò bá a ṣàdéhùn rárá.

A ò ní pa irọ́ fún yín pé ó dájú. Lọ́dún tí èyí tí wọ́n ṣe bá bá fúlù tó ń jà mu, nínú èèyàn 10 tí fúlù ì bá gbé dé ọ̀dọ̀ dókítà, abẹ́rẹ́ máa ń yọ 4 sí 6. Lọ́dún tí kò bá a mu, ó máa ń kéré sí i. Ìdí ni pé oṣù Kejì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń yan ẹ̀yà tí wọn yóò fi sí i fún òtútù tó ń bọ̀, nítorí inú ẹyin adìẹ ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ náà sì ń gba bí oṣù mẹ́fà. Fúlù kì í dúró dè wọ́n. Ó lè yíra padà láàárín ìgbà yẹn.

Síbẹ̀, ní ọdún 68, tiwa ni pé kí ẹ gbà á. Òtútù àyà tó ń tẹ̀lé fúlù ló ń gbé àgbàlagbà lọ sí ọsibítù. Ẹ gbà á ní oṣù Kẹwàá. Agbára rẹ̀ máa ń rọ̀ bí oṣù ti ń gorí oṣù lára àgbàlagbà, fúlù Britain sì sábà máa ń gbóná láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì. Ẹ rántí pé ó ń gba ọ̀sẹ̀ méjì kó tó múlẹ̀. Ẹni tó gbà á lónìí tó lọ jókòó ti ọmọ-ọmọ tó ń húkọ́ lọ́la ṣì lè kó o.

Ilé ìwé àwọn ọmọ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ pé wọn yóò fín oògùn fúlù sí wọn nímú. Wọ́n ní ohun ẹlẹ́dẹ̀ wà níbẹ̀. Mùsùlùmí ni wá. Ṣé ká kọ̀ ọ́ pátápátá? — Ìyá ọlọ́mọ méjì, Manchester

Òótọ́ ni. Fluenz, èyí tí wọ́n ń fín sí ọmọ nímú, ní jẹlatíìnì tí wọ́n mú jáde lára ẹlẹ́dẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí kòkòrò inú rẹ̀, tó wà láàyè ṣùgbọ́n tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára, má bàjẹ́ nínú fíríìjì. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn kan gbà pé ó ti yí padà tó láti lò, àwọn mìíràn kò gbà. Ẹ̀yin àti ààfáà yín lẹ ó yanjú ìyẹn. Ohun tó ń dùn wá ni pé ọ̀pọ̀ òbí máa ń fi àmì sí "rárá" kí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ wà fún ọmọ, tí kò ní jẹlatíìnì kankan nínú. Ẹ kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pé abẹ́rẹ́ lẹ fẹ́, ẹ sì kọ ìdí rẹ̀. Bí àyè kò bá sí, ẹ pe nọ́ńbà àwọn elétò àjẹsára tó wà lórí fọ́ọ̀mù náà kí ọjọ́ tí wọ́n máa wá tó pé, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n sábà máa ń dé ilé ìwé kan.

Fún àwọn òbí tí èyí kò kàn: mílílítà 0.2 ni, ìdajì sí ihò imú kan, ìdajì sí èkejì. Bí ọmọ bá sín lẹ́yìn rẹ̀, wọn ò ní fín òmíràn. Bí imú rẹ̀ bá dí gan-an lọ́jọ́ náà, ẹ sún un síwájú, torí kò ní wọlé dáadáa. Ọmọ oníkọ́ fée tó ń mí fín-ín-fín-ín láàárín ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ tó ń lo ásípírìn lójoojúmọ́, tàbí ọmọ tó ń gbé pẹ̀lú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun fún: abẹ́rẹ́ ni kó gbà, kì í ṣe ti imú.

Mo gba abẹ́rẹ́ kòrónà AstraZeneca lẹ́ẹ̀mejì ní 2021 torí ibi iṣẹ́ fi dandan lé e. Ọkàn mi ò balẹ̀ di òní. Báwo ni abẹ́rẹ́ ṣe ń jáde láàárín ọdún kan? Ṣé irú ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ Kánò ní 1996 kọ́ nìyẹn? Bí àjàkálẹ̀ mìíràn bá dé, kí ni kí n wò kí n tó gbà? — Olùkọ́, Ìbàdàn

Ọ̀gá olùkọ́, ìbéèrè yín yẹ kó gba àyè, a ó sì fún un láyè.

Ẹ jẹ́ ká ti Kánò bẹ̀rẹ̀. Yírùnyírùn ló ń pa àwọn ọmọdé nígbà yẹn. Ilé iṣẹ́ Pfizer wá dán oògùn Trovan wò lára ọmọ 100, wọ́n sì fún 100 mìíràn ní oògùn tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 ló kú nínú àwọn 200 náà, 5 nínú àwọn tó gba Trovan, 6 nínú àwọn yòókù. Oògùn apakòkòrò ni Trovan, kì í ṣe àjẹsára. Ẹ̀sùn tí àwọn òbí fi kàn wọ́n ni pé ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún wọn pé ìdánwò ni. Ní 2009, ilé iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là nínú àdéhùn pẹ̀lú ìpínlẹ̀ Kánò. Ìrántí yẹn wà lára ohun tó mú kí Kánò kọ àjẹsára rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ní 2003, àrùn náà sì tún gbilẹ̀ láti ibẹ̀ dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Nítorí náà a ò ní sọ fún yín pé ẹ̀rù yín kò nídìí. Àìṣàlàyé ló bí i. Ẹ̀tọ́ yín ni kí wọ́n sọ orúkọ ohun tí wọ́n fẹ́ gún yín, ohun tó lè ṣe, àti pé ẹ lè kọ̀ ọ́.

Ti ìyára kòrónà: ní oṣù Kìíní 2020 ni àwọn ará Ṣáínà ti gbé àkọsílẹ̀ àbùdá (jíìnì) kòkòrò náà síta. Àwọn onímọ̀ sì ti ń kọ́ nípa ìbátan rẹ̀ láti ìgbà àrùn èémí tí wọ́n ń pè ní SARS, 2003. Ohun tó sábà ń jẹ ọdún jẹ ọdún ni wíwá owó, dídúró kí ìpele kan parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀, àti dídúró kí àrùn mú èèyàn tó láti mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ ń ṣiṣẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí ìjọba ti sanwó sílẹ̀, ilé iṣẹ́ ti ń pọn ọ́n kí èsì tó jáde, àrùn náà sì wà níbi gbogbo. Ìdánwò Pfizer gba bí èèyàn 44,000, ìdajì gba abẹ́rẹ́, ìdajì gba omi oníyọ̀. Amẹ́ríkà kò sì gbà kí wọ́n lò ó títí wọ́n fi ṣọ́ ó kéré tán ìdajì àwọn èèyàn náà fún oṣù méjì lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, torí pé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ewu àjẹsára sábà máa ń fi ara hàn.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀: bí jàǹbá kan bá jẹ́ ẹnì kan nínú 50,000, ìdánwò tí èèyàn 22,000 ti gba abẹ́rẹ́ lè parí kó má rí ẹyọ kan. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀, bí òǹkà ṣe rí nìyẹn. Ohun tó ṣọ̀wọ́n báyẹn, ìgbà tí mílíọ̀nù èèyàn bá gbà á nìkan ló ń hàn. Ó sì ti hàn rí, lẹ́ẹ̀mẹta tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀.

Ní 1976, fúlù ẹlẹ́dẹ̀ kan mú àwọn ọmọ ogun ní Fort Dix ní Amẹ́ríkà. Ìjọba gún èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 40 láàárín oṣù díẹ̀. Bí ẹnì kan nínú 100,000 ló ní Guillain-Barré, àìsàn tó ń sọ ẹsẹ̀ àti apá di aláìlágbára, nítorí abẹ́rẹ́ náà. Àjàkálẹ̀ tí wọ́n ń bẹ̀rù kò sì wá. Wọ́n dá a dúró ní oṣù Kejìlá.

Ní 2009, H1N1 tuntun dé. Oṣù Kẹrin ni wọ́n rí i, nígbà tí wọ́n ti yan ẹ̀yà fúlù ọdún náà tán ní oṣù Kejì, nítorí náà abẹ́rẹ́ ọdọọdún kò ní nǹkan í bá a ṣe. Àfi èyí tí wọ́n ṣe lọ́tọ̀. Nínú èyí tí wọ́n lò jù ní Yúróòpù, Pandemrix, àwọn dókítà ní Finland àti Sweden rí i ní 2010 pé àwọn ọmọ àti ọ̀dọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lọ lójijì lọ́sàn-án gangan, àìsàn tí kì í lọ bọ̀rọ̀. Ní England ó tó bí ọmọ kan nínú 55,000 abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ H1N1 tí wọ́n lò ní Amẹ́ríkà, tí wọn kò fi èròjà ata-ara-jí sí, kò ní wàhálà yẹn.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni èyí tí ẹ̀yin fúnra yín gbà. AstraZeneca mú ẹ̀jẹ̀ dì lọ́nà tó ṣọ̀wọ́n, bí ẹnì kan nínú 50,000 láàárín àwọn tí kò tíì pé 50, àwọn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ sì bí ẹnì kan nínú 100,000. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ni ó máa ń wáyé jù. Ẹ ti kọjá ibẹ̀ láti 2021. Ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀ lórí èyí.

Ohun tí Britain ṣe nígbà náà ló yẹ kí ẹ fi kọ́gbọ́n fún èyí tó ń bọ̀. Wọn kò ju abẹ́rẹ́ náà nù. Ní oṣù Karùn-ún 2021 wọ́n ní kí àwọn tí kò tíì pé 40 gba òmíràn bí ó bá wà, kí àwọn àgbà máa gba AstraZeneca lọ, nítorí ewu kòrónà fún ẹni ọdún 65 ga fíìfíì ju ti abẹ́rẹ́ lọ, ti ọmọ ọdún 25 kò sì ga tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè kì í ṣe "ṣé abẹ́rẹ́ yìí dára?" Ẹ béèrè pé: ta ni àrùn yìí ń pa? Àrùn kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Kòrónà ń wá àgbàlagbà. H1N1 ti 2009 kò wá wọn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n bí ṣáájú 1957 ti bá ìbátan rẹ̀ pàdé ní kékeré, aboyún àti ọ̀dọ́ ló fojú sí. Nítorí náà ní Amẹ́ríkà wọ́n fi ẹni ọdún 65 sẹ́yìn nígbà yẹn, ohun tó yí padà pátápátá ní 2021.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ béèrè orúkọ abẹ́rẹ́ náà gan-an, ẹ má gba "ti kòrónà ni" tàbí "ti ìjọba ni" ní ìdáhùn. Ẹ béèrè iye èèyàn tó ti gbà á níta ìdánwò, àti bó ṣe rí fún ọjọ́ orí yín. Ẹni ọdún 25 tí ara rẹ̀ le, tí àrùn náà kì í pa irú rẹ̀, lè dúró oṣù méjì sí mẹ́ta kí ìròyìn jàǹbá tó ṣọ̀wọ́n jáde. A ò ní pè é ní òmùgọ̀. Ẹni ọdún 60 tó ní àtọ̀gbẹ kò ní irú àyè yẹn bí àrùn náà bá ń gbé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Olùkọ́ tó ń dúró níwájú ọmọ 50 lójúmọ́ wà láàárín àwọn méjèèjì; ọjọ́ orí yín àti ẹ̀jẹ̀ ríru yín, bó bá wà, ni yóò sọ ibi tó tẹ̀ sí.

Ẹ tún wo ìgò. Kì í ṣe ẹ̀gàn láti sọ fún nọ́ọ̀sì pé "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí i." Ọjọ́ tó kú wà lára rẹ̀. Ní 22 oṣù Kejìlá 2021, wọ́n run AstraZeneca 1,066,214 ní Gosa, Àbújá, torí pé ọjọ́ rẹ̀ ti kù díẹ̀ kó tó dé ọwọ́ wa. Lára ìgò ọ̀pọ̀ àjẹsára mìíràn, àmì róbótó kan wà tí igun mẹ́rin kékeré wà láàárín rẹ̀. Bí igun mẹ́rin náà bá funfun ju róbótó lọ, ooru kò tíì bà á jẹ́. Bí àwọ̀ wọn bá ti dọ́gba, tàbí tí igun mẹ́rin bá dúdú jù ú lọ, kí wọ́n sọ ọ́ nù. Kì í ṣe gbogbo ìgò ló ní àmì yìí o. Fún èyí tí kò ní, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n ṣí i. Nígbà tí wọ́n ṣì ń lo AstraZeneca, ìgò rẹ̀ tó ń gba èèyàn 10, wákàtí mẹ́fà péré ló ní lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí i.

Oyún oṣù márùn-ún ni mo ní. Dókítà ní kí n gba abẹ́rẹ́ fúlù, ìyá ọkọ mi ní yóò ṣe ọmọ inú léṣe. — Ìyàwó ilé, Houston

Ẹ kí ìyá ọkọ yín fún wa. Ìfẹ́ ọmọ ló ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn. Ẹ sọ fún wọn pé kòkòrò tó ti kú ni, kò lè dàgbà nínú aboyún tàbí nínú ọmọ. Ti imú, tó wà láàyè, ni aboyún kì í gbà.

Ìdí tí dókítà fi ń rọ̀ yín nìyí. Ilé ọmọ tó ń tóbi ń tì ẹ̀dọ̀fóró sókè, ọkàn ń ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ara sì ń dẹ ìjà sílẹ̀ díẹ̀ kó má baà kọ ọmọ. Fúlù tó bá bọ́ sí irú ara bẹ́ẹ̀ máa ń le. Nígbà H1N1 2009, aboyún kò ju bí ẹnì kan nínú 100 lọ láàárín àwọn ará Amẹ́ríkà, síbẹ̀ àwọn ni bí 5 nínú 100 àwọn tó kú. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò sì lè gba abẹ́rẹ́ fúlù fúnra rẹ̀. Ohun tí ara yín bá kọ́ láti ara abẹ́rẹ́ náà ló ń gba ibi ọmọ kọjá sí i lára. Ìgbàkígbà nínú oyún ló dára. Bí ara bá gbóná lẹ́yìn rẹ̀, parasẹtámọ́ọ̀lù (Tylenol ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ yín) lẹ ó lò, kì í ṣe ibuprofen.

Mò ń lọ sí Mẹ́kà lọ́dún tó ń bọ̀, ẹni ọdún 61. Abẹ́rẹ́ wo ló kàn mí, ṣé fúlù wà lára rẹ̀? — Bàbá, Ìjẹ̀bú-Òde

Bàbá, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ lọ kí ẹ bọ̀. Yírùnyírùn (ACWY) ni dandan. Kí ó ti pé ọjọ́ 10 ó kéré tán kí ẹ tó débẹ̀. Ibà apọ́njú náà wà fún ẹni tó ń ti Nàìjíríà wá. Bí ẹ bá ti ní káàdì rẹ̀ látìgbà kan, títí ayé ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún gún yín nítorí owó. Bí ẹ kò bá gbà á rí, ẹ sọ ọjọ́ orí yín fún dókítà, torí kòkòrò rẹ̀ wà láàyè, ó sì gba ìṣọ́ra fún ẹni tó ti lé ní 60.

Fúlù wà lára ohun tí a ó gbà yín níyànjú, nítorí àgọ́ Mínà lẹ́bàá Mẹ́kà àti ikọ́ kò ṣeé yà nípa. Ibi tó ti máa ń wọ́ ni èyí: fúlù kò sí nínú àjẹsára ọ̀fẹ́ tí ìjọba ń fún èèyàn nílé ìwòsàn àdúgbò, ọsibítù aládàáni àti kẹ́míìsì ńlá lẹ ó ti rí i. Oríṣi méjì ló wà lọ́dún, ti òtútù òkè ayé (ìhà àríwá) tí wọ́n yàn ní oṣù Kejì, àti ti ìsàlẹ̀ ayé tí wọ́n yàn ní oṣù Kẹsàn-án. Ní báyìí oṣù Karùn-ún ni Hajj ń bọ́ sí, ìgbà tí ti òkè ayé ti ń tán lórí igbá. Ẹ wo ọdún tí wọ́n kọ sára páálí. Èyí tó ṣẹ́kù láti òtútù àná tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, kódà bí wọ́n bá fi ṣe ọ̀fẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Kí wọ́n gbé e jáde láti inú fíríìjì lójú yín (ìwọ̀n 2 sí 8 ni, kì í sì í wọ inú ẹ̀rọ yìnyín, torí bó bá ti dì, ó ti bàjẹ́). Ẹ gbà á kí ó ku ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Ó ṣeé gbà lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ti yírùnyírùn, apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Apá mi ro mí fún oṣù méjì lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kòrónà, mi ò lè gbé e sókè. Ṣé abẹ́rẹ́ náà ló burú? — Oníṣòwò aṣọ, Òṣogbo

Ìrora ọjọ́ méjì, mẹ́ta, ti abẹ́rẹ́ ni. Ti oṣù méjì tí apá kò gòkè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibi tí wọ́n gún un ló ga jù, tí abẹ́rẹ́ fi wọ oríkèé èjìká dípò ẹran apá. Ohun tó máa ń fà á kò pọ̀: bùbá. Apá bùbá kò gòkè, oníbàárà á wá fa ọrùn rẹ̀ wálẹ̀ láti èjìká, orí èjìká nìkan ló yọ, nọ́ọ̀sì á sì gún ohun tó rí. Nígbà mìíràn ẹ wọ ohun tí apá rẹ̀ ṣeé ká sókè pátápátá, tàbí kí ẹ bọ́ apá kan. Ibi tó yẹ ni ìka méjì sí mẹ́ta nísàlẹ̀ eegun orí èjìká, níbi tí ẹran ti nípọn. Kí ẹ jókòó, kí nọ́ọ̀sì náà jókòó, kí apá rọ̀ sílẹ̀. Fún apá tó ń ro yín báyìí, ẹ lọ bá dókítà. Ìtọ́jú wà fún un, kò yẹ kẹ́ ẹ máa fara dà á.

Níwọ̀n ìgbà tí a ti dé ọ̀rọ̀ ọjọ́ abẹ́rẹ́: ẹ jẹun kí ẹ tó lọ, torí ebi àti ìbẹ̀rù ló ń mú èèyàn dákú. Ẹ má lo oògùn ìrora sílẹ̀ kí ìrora tó dé. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó sọ fún wọn, kí wọ́n fi òwú tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì láìfi ra á. Lẹ́yìn náà kí ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 15, kódà bí ọjà bá ń dúró. Ẹni tí ara rẹ̀ bá fẹ́ kọ̀ ọ́ lójijì, tí ètè ń wú, tí mímí ń há, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó sábà ń ṣẹlẹ̀, oògùn adrenaline sì wà lọ́wọ́ wọn níbẹ̀. Kò sí nínú ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ wọ̀ lọ sílé.

Ẹ̀jẹ̀ SS ni mo ní, ọdún 22. Ṣé kí n gba abẹ́rẹ́ tuntun nígbà tí ara mi kò lágbára? — Akẹ́kọ̀ọ́, Abẹ́òkúta

Ara yín ni kò jẹ́ kí ẹ lè dúró wo bí yóò ṣe rí bíi ti àwọn ẹgbẹ́ yín. Ẹ̀yà ara tó ń sẹ́ kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ mọ́ lára ọ̀pọ̀ ẹni tó ní SS láti kékeré, àrùn tó bá sì wọ ẹ̀dọ̀fóró máa ń fa ìrora àti àyà dídì tó lè gba ẹ̀mí. Fúlù lọ́dọọdún, àti abẹ́rẹ́ òtútù àyà, ni ká ní kẹ́ ẹ gbà bí owó bá gbé e. Bí àjàkálẹ̀ tuntun bá jẹ́ ti èémí, ẹ wà lára àwọn tó yẹ kó kọ́kọ́ tò.

Ohun kan péré la fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Bí ara bá gbóná lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹlòmíràn lè sọ pé "abẹ́rẹ́ ni" kó sì sùn. Ẹ̀yin kò gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ibà tó bá ti dé 38.5, ọsibítù lọ́jọ́ náà, kódà bó jẹ́ òru. Bó sì jẹ́ ẹlòmíràn tí kò ní SS ló ń ka èyí: ibà àjẹsára kì í sábà kọjá ọjọ́ méjì. Tó bá ti di ọjọ́ kẹta, kí wọ́n ta ìka yín yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ibà ẹ̀fọn kí ẹ tó mu oògùn ibà kankan. Ẹ̀fọn kò mọ̀ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba abẹ́rẹ́ ni.